Ilé fọ́tò bàbá mi ní Kakuri: mùsíọ̀mù ni, àbí ọjà àlòkù?

Ọmọ Baba Mai Hoto, Kàdúná

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa nọ́ńbà tí ìjọba fi ń pín iṣẹ́ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí mò ń gbé sùn, tí mò ń gbé jí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ó ṣí sitúdíò fọ́tò sí Kakuri, ní Kàdúná níbí, ní 1966, ibẹ̀ ló sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2019. Àwọn Hausa àdúgbò ò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Baba Mai Hoto, ìyẹn bàbá ayafọ́tò lédè wọn, ni gbogbo wọn ń pè é, òun náà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí pátákó. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ ni oníbàárà rẹ̀ jù lọ. Bí oṣù bá ti parí, tí owó ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọn á múra, wọn á wá dúró níwájú aṣọ ògiri tí bàbá mi fi ọ̀dà ya àtẹ̀gùn àti òdòdó sí, bí ẹni pé ilé olówó kan ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

Ohun tó fi sílẹ̀ fún wa nìyí: kámẹ́rà 14, ẹ̀rọ tó fi ń sọ fọ́tò kékeré di ńlá, aṣọ ògiri mẹ́ta, àti nẹ́gátíìfù tó kún agolo Mílò àti Bournvita 71. Ó lẹ bébà pélébé mọ́ ara agolo kọ̀ọ̀kan, ó fi tàdáwà búlúù kọ oṣù àti ọdún sí i. Bí mo bá ṣí òmíràn, òórùn ọtí kíkan ló ń lù mí nímú, torí ooru ti ń jẹ àwọn nẹ́gátíìfù náà. Bí mo bá gbé ọ̀kan síwájú iná, mo máa ń rí ibi tí bàbá mi ti fi pẹ́ńsùlù tẹ ojú èèyàn, kí àpá tí onítọ̀hún ò fẹ́ má bàa hàn nínú fọ́tò. Abẹ ló fi ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù yẹn. Á gbẹ́ ẹ, á gbẹ́ ẹ, títí ẹnu rẹ̀ á fi dà bí abẹ́rẹ́.

Láti 2021 ni màámi ti gbà kí n ṣí yàrá méjì tó wà nínú fún aráàlú. Ọmọ iléèwé ń wá lọ́jọ́ Thursday, a kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbà ń wá fọ́tò òbí wọn. Ọkùnrin kan wá láti Zaria, ó ní 1978 ni ìyá òun ya fọ́tò lọ́dọ̀ bàbá, pé kò sí fọ́tò ìyá náà kankan lọ́wọ́ òun mọ́. Ọjọ́ méjì la fi wá a. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún un, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi ọwọ́ pa bébà náà lára. Àbúrò mi ọkùnrin ṣì wà ní yàrá iwájú ní tiẹ̀, pásípọ́ọ̀tù ló ń yà.

Mo wá fẹ́ fi orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí mo dé, ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù wo àwòrán àwọn kámẹ́rà tí mo mú dání, ó ní, "Màdáámù, àlòkù ni ìwọ̀nyí," ló bá tẹ òwò àlòkù. Ní ọ́fíìsì kejì, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ilé fàájì ni kí n lọ, níbi tí ilé ijó wà. Ìwé owó ṣọ́ọ̀bù ti dé sí mi lọ́wọ́ báyìí, wọ́n kọ "ẹni tó ń ta ẹrù àlòkù" sí i gàdàgbà. Ìbátan mi kan ní Amẹ́ríkà ní 712110 ni nọ́ńbà mùsíọ̀mù, àmọ́ nọ́ńbà mẹ́rin péré ni fọ́ọ̀mù tó wà níwájú mi ń gbà.

Kí ni wá gan-an? Mùsíọ̀mù ni, àbí ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, àbí ilé fọ́tò bàbá mi náà ló ṣì jẹ́?

Táyé Lúgbè, Àbújá

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ bàbá. Ẹ mú Arts, Entertainment and Recreation, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa bá tiyín lọ. Ta ló ń ka nọ́ńbà yẹn?

Ọmọ Baba Mai Hoto, Kàdúná

Àbúrò mi, wọ́n ń kà á. Mo kọ̀wé sí àwọn kan tó ń ṣèrànwọ́ owó, kí n lè ra àpótí tí kò ní jẹ́ kí ooru ba àwọn nẹ́gátíìfù náà jẹ́. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n ní àwọn kì í ran ọlọ́jà lọ́wọ́. Agolo 71 ló wà nílẹ̀, n kò lè ta ẹyọ kan nínú rẹ̀. Èmi, ọlọ́jà?

Bàbá Gárkì, Àbújá

Ọmọ mi, o kú àmójútó. Kí Ọlọ́run tẹ́ Baba Mai Hoto sí afẹ́fẹ́ rere.

Iṣẹ́ ìṣirò ìjọba ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni mo sì ń fi ojoojúmọ́ ayé mi bá ṣe. Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: 9102 ni ìwọ ń wá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀, torí tí o bá débẹ̀ tí o ò lè ṣàlàyé, wọ́n á tún yí i mọ́ ọ lọ́wọ́.

Orúkọ ètò náà ni ISIC. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ṣe é. 1948 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí nọ́ńbà mẹ́rin rẹ bá mu ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, tó jáde ní 2008. Wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ aráyé ń ṣe sínú ẹ̀ka 21, láti A dé U. Bí ẹni ń júwe ilé fún àlejò ló rí. R ni ìlú: iṣẹ́ ọnà, fàájì àti ìgbafẹ́. Àdúgbò rẹ nínú ìlú yẹn ni 91: ilé ìkàwé, ibi ìkówèé àtijọ́ pamọ́, mùsíọ̀mù àti irú wọn. Ojú pópó ni 910. Ilé mẹ́ta ló wà lójú pópó náà. 9101 ni ti ilé ìkàwé àti ìwé àtijọ́. 9102 ni ti mùsíọ̀mù àti àbójútó ibi ìtàn. 9103 ni ti ọgbà ẹranko, ọgbà ewéko àti igbó tí ìjọba dáàbò bò. Nítorí náà, ẹni tó ní kí o lọ bá ilé fàájì kò ṣìnà ìlú, àdúgbò ló ṣì. Ilé ijó àti ilé ìtàgé kì í ṣe aládùúgbò rẹ rárá.

Ìwé náà dárúkọ ohun tó wà nínú 9102: mùsíọ̀mù iṣẹ́ ọnà, ti ohun ẹ̀ṣọ́, ti àga àti tábìlì, ti aṣọ, ti ìkòkò àti àwo, ti ohun fàdákà, ti ẹ̀dá àti ewéko, ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ, ti ìtàn, tó fi mọ́ ti ológun, mùsíọ̀mù ìta gbangba náà wà níbẹ̀. Kámẹ́rà, aṣọ ògiri àti ẹ̀rọ bàbá rẹ kò nílò àwíjàre kankan láti wọlé.

Ìbátan rẹ ní Amẹ́ríkà kò parọ́. NAICS ni 712110 ti wá, ètò tí Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mexico jọ ń lò láti 1997. Ṣáájú ìyẹn, 8412 ni Amẹ́ríkà ń lò, wọ́n sì fi mùsíọ̀mù àti ilé àwòrán sínú nọ́ńbà kan náà. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn gẹ̀ẹ́sì, 91020 ni. Oníkálukú ló ní òṣùwọ̀n ọjà tiẹ̀; o kò lè fi kóńgò ọjà Bódìjà wọn gàrí fún ẹni tó ń fi mudu Kàdúná rà.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tó máa ń wà lọ́kàn mi. Nínú ìwé ISIC kẹta, 9232 ni mùsíọ̀mù, abẹ́ ẹ̀ka O ló sì wà. Ẹ̀ka yẹn náà ni iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí àti omi ẹ̀gbin wà, òun náà ni irun dídì àti ètò ìsìnkú wà. N kò kẹ́gàn iṣẹ́ kankan níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ìlú nílò. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kó ohun tí wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá fi sí ni. Nígbà tí ẹ̀kẹrin dé, tí mo rí i pé wọ́n ti kó mùsíọ̀mù, ilé ìkàwé àti iṣẹ́ ọnà kúrò níbẹ̀, tí wọ́n fún wọn ní ẹ̀ka tiwọn, inú mi dùn gan-an. Mo pe ọmọ mi kó wá wò ó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àlòkù. Lóòótọ́ ni nọ́ńbà wà fún un: 4774, títa ẹrù àlòkù. Ohun tí ẹni tó gba fọ́ọ̀mù rẹ ṣe ni pé ó wo ẹrù, kò wo iṣẹ́. ISIC kì í pín ẹrù, iṣẹ́ ló ń pín. Kámẹ́rà kan ṣoṣo lè gba inú nọ́ńbà mẹ́ta kọjá láìkúrò lórí tábìlì: lọ́wọ́ bàbá rẹ, 7420 ni, iṣẹ́ fọ́tò yíyà, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, 4774, lọ́wọ́ rẹ, tí o ń fi han ọmọ iléèwé, 9102. Ìbéèrè tí o máa bi wọ́n nìyí: "Kí ni mo tà?"

ISIC kò sì béèrè ẹni tó ni ibẹ̀. Mùsíọ̀mù Jos tí ìjọba ṣí ní 1952, pẹ̀lú gbogbo ère Nok tó wà níbẹ̀, 9102 ni. Yàrá méjì rẹ náà, 9102. Àjọ tó ń bójú tó mùsíọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, ìjọba ni, bẹ́ẹ̀ ni mùsíọ̀mù tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò di iṣẹ́ ìṣàkóso ìlú nítorí pé ìjọba ló ń san owó oṣù. Ibí yìí ni ISIC ti yàtọ̀ sí ICOM, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ̀mù àgbáyé. Nínú ìtumọ̀ tí ICOM fọwọ́ sí ní 2022, ohun tí kò bá wà fún ìgbà pípẹ́, tàbí tó bá ń wá èrè, kì í ṣe mùsíọ̀mù. ISIC ò béèrè èrè. Bí àwọn tí o ń wá owó lọ́dọ̀ wọn bá bi ọ́ ní ti ICOM, ìyẹn lọ́tọ̀, ti ISIC lọ́tọ̀, má pò wọ́n pọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú nínú àlàyé rẹ: àbúrò rẹ tó wà ní yàrá iwájú. Ṣé ìwé ìṣirò owó kan náà lẹ jọ ń lò?

Àdùkẹ́ Wúsé, Àbújá

Bàbá, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kàn mí. Àwòrán àti ère ni mo ń gbé kalẹ̀ ní Wúsé. Èèyàn ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, mò ń ṣàlàyé fún wọn láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ iléèwé náà ń wá. Nínú mẹ́wàá tó wọlé, bóyá ni ẹnì kan rà. Síbẹ̀ ọlọ́jà ni wọ́n kọ sórí ìwé mi. Kí ló dé tí ti Àǹtí fi jẹ́ mùsíọ̀mù, tí tèmi fi jẹ́ ọjà? Ìfẹ́ tí mo ní sí ohun tó wà lára ògiri mi kò kéré sí tiẹ̀.

Bàbá Gárkì, Àbújá

Àdùkẹ́, mo gbọ́ ẹ, mi ò sì sọ pé ìfẹ́ rẹ kéré. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n kọ. Ilé àwòrán tó ń tajà, abẹ́ òwò ni ISIC fi í sí, 4773. Ẹni kan tó rà nínú mẹ́wàá yẹn ló ń san owó ilé, owó iná àti owó ọmọ iṣẹ́. Bí gbogbo ohun tó wà lára ògiri bá tà lọ́la, inú rẹ á dùn, wàá kó òmíràn wá. Bí ohun tó wà lọ́wọ́ Ọmọ Baba Mai Hoto bá tà lọ́la, kò sí ibẹ̀ mọ́. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn. Amẹ́ríkà náà ṣe é bẹ́ẹ̀: nínú 712110, wọ́n gba ilé àwòrán tí kì í tajà, èyí tó ń tà wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà.

Kò dín iyì rẹ kù, ọmọ mi. Ayàwòrán tí ò ń bá ta iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹun nítorí pé ọlọ́jà ni ọ́.

Àdùkẹ́ Wúsé, Àbújá

Mo gbà, Bàbá. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn wọ̀ mí lára. Màá padà ronú sí i.

Ìyá Ìbejì, Jos

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni mo máa ń kó ọmọ iléèwé lọ wo mùsíọ̀mù ní ìlú wa níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti wọ ọgbà yẹn mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ère Nok wà nínú gbọ̀ngàn. Tí o bá jáde, wàá bá ilé tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ bí ti ìlú lóríṣiríṣi, odi Kano wà níbẹ̀, mọ́sálásí Zaria wà níbẹ̀. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko, a sì tún rí ibi tí èèyàn ti lè jókòó jẹun. Àwọn ọmọ mi kì í fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹranko. Bàbá, nọ́ńbà mélòó nìyẹn? Èmi tí mò ń mú wọn káàkiri ńkọ́, ṣé 9102 lèmi náà?

Bàbá Gárkì, Àbújá

Ìyá Ìbejì, ibi tó dára jù láti fi kọ́ èèyàn nìyẹn. Tí a bá tú u wò: gbọ̀ngàn náà, 9102. Àwọn ilé amọ̀ yẹn, 9102 náà ni, torí mùsíọ̀mù ìta gbangba ni. Ayàwòrán-ilé ọmọ Pólàńdì kan, Zbigniew Dmochowski, ló ya àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn tó ti wọn ilé káàkiri Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹranko, 9103. Ibi oúnjẹ, 5610. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àkóso kan, ìwé owó kan, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ilé kan ń jẹ́, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù ló sì ń jẹ́ orúkọ. Bí ẹlòmíràn bá gba ibi oúnjẹ háyà, tó ń ṣe owó tiẹ̀, nọ́ńbà tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní tìrẹ, tí mùsíọ̀mù kò bá gbà ọ́ síṣẹ́, tó jẹ́ pé ìwọ lò ń dá mú àwọn ọmọ lọ, 7990 ni ọ́. Ibẹ̀ ni ISIC fi àwọn afinimọ̀nà arìnrìn-àjò sí.

Ọmọ Baba Mai Hoto, mò ń retí èsì rẹ o.

Ọmọ Baba Mai Hoto, Kàdúná

Bàbá, ẹ má bínú, Kàdúná ò ní iná láti àná. Ìwé owó kan náà ni a ń lò, èmi ni mò ń kọ ọ́. Òtítọ́ ibẹ̀ nìyí, mi ò ní bo nǹkan kan: yàrá iwájú ló ń mú owó wọlé jù. Lóṣù tó kọjá, ₦340,000 ni àbúrò mi pa. Bébà, tàdáwà àti dísẹ́ẹ̀lì jẹ ₦145,000 nínú rẹ̀. Ní yàrá inú, a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbowó. Mò ń san ₦70,000 fún ọmọbìnrin tó ń mú àlejò wò ó, ₦70,000 fún ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi ẹ̀rọ ya nẹ́gátíìfù sínú kọ̀ǹpútà tó sì ń bá àwọn èèyàn wá fọ́tò òbí wọn. Èmi náà ń gba ₦70,000, bóyá ₦50,000 nínú iṣẹ́ mi ni ti àfihàn, ₦20,000 ni ti wíwá fọ́tò.

Ẹ̀rù ń bà mí pé pásípọ́ọ̀tù máa gbé gbogbo ilé náà mì.

Bàbá Gárkì, Àbújá

Fara balẹ̀, kí a jọ ṣí i wò. Èyí gan-an ló máa ń mú mi jókòó ti ìṣirò títí ilẹ̀ á fi ṣú.

ISIC kò wo owó tó wọlé nìkan. Ohun tó ń wò ni iye tí iṣẹ́ fi kún nǹkan. Fún àbúrò rẹ, yọ owó ohun tó rà kúrò nínú ohun tó pa: ₦340,000, mú ₦145,000 kúrò, ó ku ₦195,000. Ìyẹn ni 7420, abẹ́ ẹ̀ka M ló wà, ti àwọn iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ àkànṣe.

Yàrá inú kì í tajà, nítorí náà a ò lè fi owó tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀n ọ́n. Bí a bá fi tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀n ọ́n, a jẹ́ pé òfo ni gbogbo ohun tí ò ń ṣe lọ́jọ́ Thursday, ìyẹn ò sì ní jẹ́ òótọ́. Nínú ìṣirò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ tí a ń ṣe fún aráàlú láìta á, ohun tó ná wa la fi ń díwọ̀n rẹ̀. Owó oṣù àwọn tó ń ṣe é ló sì máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Àfihàn: ₦70,000 àti ₦50,000, ₦120,000 nìyẹn, 9102. Wíwá fọ́tò àti nẹ́gátíìfù: ₦70,000 àti ₦20,000, ₦90,000. Ìyẹn, ọ̀dọ̀ 9101 ló ń lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n fi ibi ìkófọ́tò pamọ́ tó ń wá fọ́tò fún èèyàn sí.

Tí a bá tò wọ́n, tí a kàn mú èyí tó tóbi jù, fọ́tò yíyà ló borí: 195 ju 120 lọ, ó ju 90 lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí. Òfin ISIC ni pé òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀, a kì í bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Kọ́kọ́ bi ẹ̀ka. Ẹ̀ka M ní ₦195,000. Ẹ̀ka R ní 9101 àti 9102 pa pọ̀, ₦210,000. R ló borí, M ti jáde nìyẹn, a ò tún padà wò ó mọ́. Nínú R, 91 nìkan ló wà. Nínú 91, 910. Nínú 910, ₦120,000 dojú kọ ₦90,000. 9102.

Mùsíọ̀mù ni yín, ọmọ mi. Bí ẹ tiẹ̀ wà nínú ìwé owó kan náà, mùsíọ̀mù ni yín.

Ṣùgbọ́n ₦15,000 péré ló wà láàárín, oṣù kan tí pásípọ́ọ̀tù bá tà gan-an lè yí i padà. Ọdún kan gbáko ló yẹ kó o ṣírò, kì í ṣe oṣù kan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ya ilé náà sí méjì lórí ìwé. Kí àbúrò rẹ fi orúkọ òwò tiẹ̀ sílẹ̀, 7420, kó máa san owó ṣọ́ọ̀bù tó tọ́ sí i. Kí ìwọ lọ gba ti ẹgbẹ́ tó ní alábòójútó, èyí tó wà ní Apá F nínú CAMA, òfin ọdún 2020 lórí iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, kí yàrá inú dá dúró. Nígbà náà kò sí ẹni tó lè fi èyí pa èyí.

Nǹkan méjì kékeré sí i. Bí o bá rí lẹ́tà S níbi tí mo ti sọ R, má jáyà. ISIC karùn-ún tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 ló sún lẹ́tà náà. Ẹ̀ẹ̀kejì, bí o bá pe ẹni tó máa bá ọ tún aṣọ ògiri bàbá rẹ ṣe, ẹni yẹn kì í ṣe 9102. Ìwé kẹrin fi àtúnṣe iṣẹ́ ọnà àti ohun mùsíọ̀mù sí 9000. Káfíńtà tó bá tún òrùlé ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn kọ́lékọ́lé ni tiẹ̀.

Àbúrò wa Táyé béèrè ẹni tó ń ka nọ́ńbà. Àwa ni. Nígbà tí wọ́n bá gbé ìṣirò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà jáde, ìlà kan wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà, fàájì àti ìgbafẹ́. Ilé ère òkúta Èsìẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1945, Gidan Makama ní Kano, mùsíọ̀mù Kàdúná, ìlà yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wọn ń wọ̀. Ìlà tín-ín-rín ni, ọmọ mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọ irú yín sí àlòkù, òwò, tó ti sanra tẹ́lẹ̀, ló ń jẹ ẹ́.

Táyé Lúgbè, Àbújá

Bàbá, mo tọrọ àforíjì. Mi ò mọ̀ pé ó rí báyìí. Àǹtí, ṣé Àbújá ni ẹ ti máa ṣe ìwé tuntun náà? Mo lè wá gbé yín ní ibùdókọ̀, kí n sìn yín dé ọ́fíìsì.

Ọmọ Baba Mai Hoto, Kàdúná

Bàbá, mo ka èsì yín fún màámi lẹ́ẹ̀mejì, mo túmọ̀ ibi tí ìṣirò wà. Wọ́n ní kí n kí yín, wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ ti gbé Kàdúná rí, torí ó ṣeé ṣe kí fọ́tò yín wà nínú agolo.

Èmi àti àbúrò mi ti sọ̀rọ̀. Ó gbà kí a ya ìwé owó sọ́tọ̀ láti oṣù tó ń bọ̀, ó ní òun ni òun á máa tọ́jú pátákó níta, pé kí orúkọ bàbá má kúrò níbẹ̀. Mo sì ti tún ìlà tí wọ́n ní kí a fi ṣàlàyé iṣẹ́ wa kọ. Tẹ́lẹ̀, "kámẹ́rà àti fọ́tò àtijọ́" ni mo kọ, ó yé mi báyìí ìdí tí wọ́n fi rí àlòkù níbẹ̀. Èyí tí mo kọ lónìí ni: "A ń tọ́jú ohun èlò àti àwòrán sitúdíò kan tó ti wà ní Kakuri láti 1966, a ń fi wọ́n han aráàlú, a ń ṣàlàyé wọn, a kì í tà wọ́n." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó pé.

Táyé, o ṣé gan-an. Ọjọ́ Tuesday ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Wúsé. Kámẹ́rà ò ní sí lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí. Agolo kan péré ni mò ń mú bọ̀, ti 1978.